Píkọ́ọ̀pù Tó Ń Yà Sódì

Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ mú mi dé iwájú píkọ́ọ̀pù Bàbá Ògúntádé ní Àgùdà, igi ni mo pè é. Mi ò ṣàwàdà. Ewéko ti fà bò ó láti táyà dé òrùlé. Adìẹ ti yé sínú ẹ̀, ọmọ adìẹ náà ti yé, ọmọ ọmọ wọn sì ti darúgbó síbẹ̀. Àwọn eku abẹ́ ìjókòó pọ̀ débi pé wọ́n ti fi ọba jẹ, wọ́n ti rọ ọba ọ̀hún lóyè, wọ́n wá ń dìbò. Nígbà tí mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, eruku tó jáde ṣú bo oòrùn títí dé Ìdí-Àràbà, ó sì ku díẹ̀ kí àwọn dókítà ibẹ̀ tanná lọ́sàn-án gangan.

Pijó 404 ni, ti ọdún 1967. Sítíárìn ẹ̀ wà lápá ọ̀tún, bíi ti àwọn mọ́tò ayé ọjọ́un, nígbà tó jẹ́ pé ọwọ́ òsì ni mọ́tò ń rìn ní Nàìjíríà.

"Ṣé ó máa ṣeé ṣe?" Àǹtí Motọ́lání ló bi mí bẹ́ẹ̀. Òun ni àkọ́bí Bàbá, nọ́ọ̀sì àgbà tó fẹ̀yìn tì lọ́dún méjì sẹ́yìn, obìnrin tó jẹ́ pé bó bá wò ẹ́ lójú báyìí, apá rẹ á ti máa wá abẹ́rẹ́ lọ fúnra ẹ̀.

"Àǹtí," mo ní, "ọjọ́ tí mo bá tún èyí ṣe tán, ẹ lè máa gbé òkú wá fún mi."

"Panẹ́lì-bítà ni mo ránṣẹ́ pè, mi ò pe aláwàdà."

"Ó máa ṣeé ṣe, mà."

Mushin ni ìsọ̀ mi wà, ṣùgbọ́n Àǹtí ní mọ́tò bàbá òun ò ní kúrò nínú ọgbà, torí Bàbá fẹ́ máa fojú ara ẹ̀ wò ó. Bí èmi àti Sylvester, mẹkáníìkì tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ṣe kó irinṣẹ́ wa lọ sí Àgùdà nìyẹn. Ọgbà náà gùn bí ìwàásù, torí pákó ni Bàbá máa ń tò síbẹ̀ nígbà tó ṣì ń tajà.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin ni Bàbá. Ìjẹ̀ṣà ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó gún régé, ohùn ẹ̀ ò sì sí nílé rárá, àfi kó o sún mọ́ ọn. Ohun tó fẹ́ ò ju ẹyọ kan lọ: kó jókòó sídìí sítíárìn mọ́tò yìí, kó wà á, kí Fàsásì sì rí i.

Fàsásì ni ọ̀rẹ́ ẹ̀ láti ìgbà èwe wọn, ọmọ Ìjẹ̀bú, Oto, níbi ọjà pákó, ló ṣì ń gbé nígbà yẹn. Ní ayé ọjọ́un, píkọ́ọ̀pù ni àwọn méjèèjì fi ń kó pákó láti Oto káàkiri Èkó. Wọ́n ń sáré débi pé pákó tútù tí wọ́n bá dì sẹ́yìn ọkọ̀, á ti gbẹ kó tó dé ọwọ́ ẹni tó rà á. Nígbà tó wá di oṣù kẹrin ọdún 1972, ìjọba ní kí gbogbo mọ́tò kúrò lọ́wọ́ òsì, kí wọ́n bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Òwúrọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ pàá, Bàbá gbé mọ́tò jáde. Ó rọra ń lọ lápá ọ̀tún bí ìjọba ṣe wí. Àfi bó ṣe dé Ojúẹlẹ́gba tí ọwọ́ ẹ̀ fúnra ẹ̀ yà sí òsì bó ṣe máa ń yà látẹ̀yìnwá, ó sì bá ara ẹ̀ níwájú tírélà, imú kan imú. Dírẹ́bà tírélà sọ̀ kalẹ̀, ó bi í pé ṣé Ìbàdàn ló ń lọ ni àbí ọ̀run. Bàbá fi ẹ̀yìn wa mọ́tò láti Ojúẹlẹ́gba dé Àgùdà, ó wọ inú ọgbà, ó sọ̀ kalẹ̀, kò sì fọwọ́ kan sítíárìn kankan mọ́ fún ọdún méjìléláàádọ́ta.

Ó ṣí ìsọ̀ pákó, ó kọ́lé, ó bímọ, àwọn ẹlòmíràn ló ń bá a wa ẹrù. Ṣùgbọ́n Fàsásì ti sọ ọ́ ní Ọ̀túnlémi. Ó ní ọwọ́ ọ̀tún ló lé e délé. Orúkọ náà wá rìn ju mọ́tò lọ. Oníbàárà ń pè é bẹ́ẹ̀, ará àdúgbò ń pè é bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ ìkórè kan, àlùfáà ti ka "Bàbá Ọ̀túnlémi Ògúntádé" síta nínú ṣọ́ọ̀ṣì kí akọ̀wé ìjọ tó fà á láṣọ.

"Bàbá," mo ní lọ́jọ́ kan, "ẹ ò ṣe kúkú bínú sí i kó fi orúkọ yẹn sílẹ̀?"

"Mo ti bínú sí i. Mo bínú sí i lọ́dún 1972. Mo tún lọ bínú sí i lọ́dún 1985."

"Kí ló wá ní?"

"Ó ní kí n gbé mọ́tò wá sí Oto kí n tó wá bínú."

Oṣù méje la fi wà lórí mọ́tò náà. Ilẹ̀ ẹ̀ ti dípẹtà tán. Bó o bá jókòó sínú ẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ kan erùpẹ̀, wàá kàn máa sáré lọ ni. Mo gé gbogbo ẹ̀ dànù, mo fi irin dúrọ́ọ̀mù rọ òmíràn, mo lù ú títí ó fi ṣe wẹ́kú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi òòlù kékeré bá ìlẹ̀kùn méjèèjì sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gbà láti pa dé. Sylvester yọ ẹ́ńjìnnì àtijọ́ kúrò, ó lọ wá ti 504 wá láti ọjà Ládípọ̀, ó fi rọ́pò ẹ̀. Ó fi bíréèkì tuntun sí i, ó tún fi bẹ́líìtì ìjókòó sí i, torí Àǹtí Motọ́lání ní bí kò bá sí bẹ́líìtì, ká máa kó irinṣẹ́ wa lọ. Ní ti ọ̀dà, Bàbá mú ife tánganran kan jáde láti inú ilé, ó ní àwọ̀ tí mọ́tò náà ní lọ́jọ́ tí òun rà á nìyẹn, àwọ̀ kan báyìí tí kò jọ ewé, tí kò jọ omi. Ẹni tó ń po ọ̀dà pò ó lẹ́ẹ̀mọ́kànlá. Lẹ́ẹ̀mẹwàá, Bàbá gbé ife sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó ní, "Kò tíì dé ibẹ̀."

Pákó tí a tẹ́ sẹ́yìn ọkọ̀ nìkan ni wọn ò jẹ́ ká fọwọ́ kàn. Bàbá fúnra ẹ̀ ló ṣà á. Á fi ìka kan pákó, á wá dẹtí sí i bí ẹni ń gbọ́ tẹlifóònù.

"Èyí ò tíì gbẹ. Èyí gbẹ jù. Èyí, irọ́ ló ń pa."

"Bàbá, pákó wo ló ń parọ́?"

"Gbogbo èyí tí ìwọ bá bá mi rà."

Wàhálà dé nígbà tó ku pátíkúlà. Àwọn tó ń ṣe ìwé mọ́tò sọ fún Àǹtí Motọ́lání pé àwọn ò ní fún mọ́tò tí sítíárìn ẹ̀ wà lápá ọ̀tún ní nọ́ńbà. Àǹtí délé, ó sọ fún Bàbá níwájú wa.

"Wọn ò ní fún un?"

"Wọn ò ní fún un, Dádì. Àfi ká gbé sítíárìn lọ sí òsì."

"Mọ́tò yìí dé Èkó kí wọ́n tó bí gbogbo wọn."

"Mo sọ fún wọn bẹ́ẹ̀."

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní kí ẹni tó kàn bọ́ síwájú."

Ọ̀sẹ̀ méjì ni Bàbá fi kọ̀. Ó ń jẹun, ó ń gbàdúrà, ó ń ka ìwé ìròyìn, ṣùgbọ́n kò dá wa lóhùn. Lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, ó jáde sí wa, ó ní, "Ẹ gbé e sí òsì. Ó ṣáà ti pẹ́ tí wọ́n ti ń lé mi." Ó padà wọlé.

Ẹ jẹ́ n sọ èyí tó kàn bó ṣe rí, torí Sylvester ti gbà á mọ́ra lójú gbogbo ayé, kò sì jẹ̀bi tó bẹ́ẹ̀. Nínú mọ́tò, àpótí irin kan wà nísàlẹ̀ tí sítíárìn fi ń yí táyà iwájú. A wá ti ọwọ́ òsì títí ní Ládípọ̀, a ò rí i. A lọ síbẹ̀ débi pé àwọn onísọ̀ kan ti ń kí wa bí àna wọn. Ni a bá ní ká lo èyí tó wà lára mọ́tò náà, ká kàn gbé e kọjá sí apá kejì. Ó kọ̀, kò bá ibẹ̀ mu. Èmi, ojú panẹ́lì-bítà ni mo fi ń wo nǹkan. Bí irin bá ti jókòó dáadáa lórí irin, lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ti parí. Mo gba àpótí náà lọ́wọ́ Sylvester, mo dojú ẹ̀ dé. Ó jókòó wọ̀ọ̀ bí ọmọrí ìkòkò.

Sylvester tẹjú mọ́ ọn. "Mùíz, ṣé dídé tó o dé e yìí ò ní yí nǹkan padà?"

"Kí ló fẹ́ yí padà? Ṣé o rí i bó ṣe jókòó?"

"Mo rí i."

"Ṣé ó ń mì?"

"Kò mì."

"Ó yá, jó o mọ́bẹ̀ kó tó yí ọkàn padà."

A jó o mọ́bẹ̀. A fi jáàkì gbé iwájú mọ́tò sókè, Sylvester yí sítíárìn, táyà yí. A bọ ara wa lọ́wọ́, mo tún jó díẹ̀. Àwa méjèèjì tí a dúró síbẹ̀, kò sẹ́ni tó bojú wo ibi tí táyà yí sí.

Àǹtí Motọ́lání ló kọ́kọ́ wà á, láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Bàbá dé fìlà, ó jókòó sí fàráńdà. Àǹtí tanná sí ẹ́ńjìnnì, ó kù jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó gbéra. Táǹkì omi ilé wà lápá òsì ibi tó ń gbà. Àǹtí yí sítíárìn sí ọ̀tún díẹ̀ kó lè yẹ̀ ẹ́. Mọ́tò yà sí òsì. Ó rò pé yíyí òun ni kò tó, ó tún yí i sí ọ̀tún sí i. Mọ́tò tún yà sí òsì sí i, ó kọrí sí táǹkì bí ohun tí òùngbẹ ti ń gbẹ láti ọdún 1972. Gbàmù! Omi tó tú jáde níbẹ̀, bí Nóà bá wà lórí ìjókòó, ì bá bèèrè pé ẹ̀ẹ̀kejì kẹ̀? Wọ́n ní ẹnì kan ń fi bàsíà tukọ̀ ní Ìtirẹ́.

Mọ́tò ò ṣe nǹkan kan. Bọ́ńpà iwájú tí mo fi irin nípọn rọ ló gba gbogbo ẹ̀. Àǹtí sọ̀ kalẹ̀, omi ń kán lára aṣọ ẹ̀. Kò pariwo. Ó sàn kó pariwo.

"Sylvester."

"Mà."

"Ọ̀tún ni mo yí i sí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ibo ló lọ?"

Sylvester wò mí. Èmi ń wo ọkọ̀ òfuurufú kan tó ń kọjá. Ó dùbúlẹ̀, ó wọ abẹ́ mọ́tò, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ojú ẹ̀ ti funfun bí ẹni tí wọ́n fi bọ́dífílà rẹ́. "A gbé e sódì, mà. Bí ẹ bá yí i sọ́tùn-ún, òsì ló ń lọ. Bí ẹ bá wá yí i sósì…"

"Mo ti gbọ́. Ìgbà wo lẹ máa tún un ṣe?"

"Ọ̀sẹ̀ méjì, mà. A máa gé e, a máa wá ojúlówó láti Kánò."

Bàbá ní, láti orí fàráńdà, "Ọ̀sẹ̀ méjì ò burú. Ó ti dúró dè mí fún àádọ́ta ọdún."

Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọ̀sán, fóònù Bàbá dún. Aneesah ni, ọmọ Fàsásì. Ó ní ilé tí bàbá òun ń gbé ní Oto, wọ́n fẹ́ wó o, ẹsẹ̀ sì ti ń dùn ún. Ní Sátidé, òun fẹ́ kó o lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó, kó máa gbébẹ̀. Ó ní bóyá Bàbá á fẹ́ kí i pé ó dàbọ̀. Bàbá dúpẹ́, ó gbé fóònù sílẹ̀, ó wo mọ́tò. Gbogbo wa ṣírò ọjọ́ nínú wa. Ó ku ọjọ́ méjì.

"Motọ́lání, fún mi ní kọ́kọ́rọ́."

"Dádì, mọ́tò yìí ò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sósì."

"Èmi náà ò mọ̀ ọ́n lọ́dún 1972. Fún mi."

Bí òun àti mọ́tò náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lákọ̀ọ́kọ́, Bàbá lọ kan igi gúrófà, gúrófà já lé wa lórí bí yìnyín. Lẹ́ẹ̀kejì, ó lé Sylvester láti géètì dé ẹ̀yìnkùlé láìmọ̀ pé òun ń lé e. Nígbà tó di ọ̀sán Jímọ̀, ó ti ń yípo igi gúrófà láìkàn án. Mo sún mọ́ fèrèsé mọ́tò kí n lè gbọ́ ohun tó ń sọ, torí ẹnu ẹ̀ ń lọ. Ọwọ́ ẹ̀ ló ń bá wí. "O fẹ́ lọ sósì? Má lọ. Èmi ni mo ni ẹ́. Lọ sọ́tùn-ún. Ẹ̀n-ẹ́n."

Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó yọjú. "Mùíz, lọ́la ni mò ń lọ sí Oto."

Àǹtí Motọ́lání ti wà lẹ́yìn mi. "Dádì, ẹ ò lọ síbì kankan. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi di ojú egbò àwọn tí mọ́tò gbá. Inú ọgbà yìí, ẹ máa yípo títí òòyì á fi kọ́ ilé. Mọ́tò yìí ò ní kọjá géètì."

Bàbá wò ó. Ó mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ. Ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó nà án sí i. "Fàsásì ò ní rí mi nìyẹn," ó wí, ó wọlé.

Kò sẹ́ni tó rán mi níṣẹ́. Mo gba Oto lọ fúnra mi, kí àsárì tó dé. Mo bá Fàsásì láàárín àpò tí wọ́n ti dì. Ọmọ ọdún márùn-ún-dín-láàádọ́rùn-ún, ó sanra, ohùn ẹ̀ ń mi gíláàsì fèrèsé. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni mò ń tún mọ́tò Bàbá Ògúntádé ṣe, sà."

"Ọ̀túnlémi! Ṣé kò ṣàìsàn?"

"Rárá, sà. Ó ní kí n bẹ̀ yín, kí ẹ tó lọ, kí ẹ wá kọ́ òun ní mọ́tò."

Ẹ̀rín tí ọkùnrin yẹn rín, ọkọ̀ ojú irin ní Ìdó rò pé wọ́n ti fọn fèrè, ó gbéra. Ó rín in títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. "Lọ sọ fún un kó nu ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì. A máa gba ibẹ̀ kọjá láàárọ̀. Aneesah! Wá gbọ́ o! Ìjẹ̀ṣà fẹ́ kọ́ mọ́tò!"

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Sátidé, mọ́tò Aneesah wọ ọgbà, àga àti ẹní sì wà lórí ẹ̀. Fàsásì ti ń pariwo kó tó sọ̀ kalẹ̀.

"Ọ̀túnlémi! Wọ́n ní o ń wá olùkọ́!"

Bàbá yí ojú sí mi. Ojú tó fi wò mí yẹn, bó bá fi wo mọ́tò, ọ̀dà á ṣí. Ṣùgbọ́n kò bá mi wí. Ó sọ̀ kalẹ̀ láti fàráńdà, ó bọ Fàsásì lọ́wọ́. "Fàsásì, mọ́tò nìyí. Wọ́n gbé sítíárìn ẹ̀ sódì. Bó o bá yí i sọ́tùn-ún, òsì ló ń yà sí. Mo ti sọ fún ẹ ṣáájú o."

"Ìwọ ni wọ́n gbé sódì. Èmi tí mo wa mọ́tò fún ogójì ọdún lẹ́yìn tí ìwọ ti sá wọlé? Kúrò níbẹ̀, kí n fi hàn ẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é."

Ó gun mọ́tò. Àǹtí ní kó de bẹ́líìtì, ó dè é. Ó tẹ iná. Ó fẹ́ yà sí òsì, mọ́tò wọ abẹ́ okùn aṣọ, ó jáde pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dìṣíìtì Àǹtí lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì bí ìyàwó tuntun. A ká a kúrò. Ó tún gbéra, ó lọ kan igi gúrófà. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó ní òun ti mọ̀ ọ́n, ó tẹ iná le, mọ́tò kọjú sí Sylvester, Sylvester sì fò gun fẹ́ǹsì tí ológbò máa ń ronú sí kó tó gùn. Fàsásì tẹ bíréèkì. Òógùn ti bo ojú ẹ̀.

"Mọ́tò yìí ya wèrè!"

"Mo sọ fún ẹ," Bàbá wí.

"Kò sí ẹ̀dá tó lè wa kinní yìí."

"Sún sí ẹ̀gbẹ́ kejì."

"Ògúntádé, o máa pa mí."

"Sún."

Fàsásì sún. Bàbá wọlé, ó de bẹ́líìtì, ó gbéra jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ẹnu ẹ̀ ń lọ, a ò gbọ́ ohun tó ń sọ. Ó gba ẹ̀gbẹ́ táǹkì tó fọ́ kọjá, ó yípo igi gúrófà lápá ọ̀tún, ó tún yí i lápá òsì, ó gba abẹ́ okùn aṣọ láìfọwọ́ kan aṣọ kankan. Ó fi ẹ̀yìn wà á lọ sí géètì, ó tún gbé e bọ̀ níwájú. Ẹ̀ẹ̀meje. Fàsásì di ìlẹ̀kùn mú, kò sọ̀rọ̀ rárá; mo lè búra pé láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, kò tíì dákẹ́ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Bàbá wá gbé mọ́tò dúró sẹ́yìn ti Aneesah. Àlàfo tó wà láàárín wọn, páálí ìṣáná ò lè dùbúlẹ̀ síbẹ̀.

Ó pa ẹ́ńjìnnì. Ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì ṣì wà lórí sítíárìn. Ó ń retí. Gbogbo wa ló mọ ohun tó ń retí.

Fàsásì tú bẹ́líìtì, ó ṣí ìlẹ̀kùn, ó sọ̀ kalẹ̀, ó gbọn agbádá ẹ̀. "Aneesah, oòrùn ti ń mú. Jẹ́ ká máa lọ." Ó wọ mọ́tò ọmọ ẹ̀. Aneesah kúnlẹ̀ fún Bàbá, ó bẹ̀ ẹ́ kó má bínú, wọ́n sì jáde.

Bàbá ò kúrò nínú mọ́tò fún bíi wákàtí kan. Àǹtí gbé oúnjẹ lọ bá a níbẹ̀. Ó gbé e padà bó ṣe gbé e lọ.

Sylvester gé sítíárìn náà ní ọjọ́ Mọ́ńdè. Àpótí tuntun dé láti Kánò lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kànlá, ó sì jókòó bó ṣe yẹ kó jókòó, èmi ò sì sọ̀rọ̀ kankan síbẹ̀. Wọ́n fún mọ́tò ní nọ́ńbà. Bàbá ò bèèrè kọ́kọ́rọ́ ẹ̀. Bí mo bá fi í ṣe yẹ̀yẹ́, á kàn ní, "Ẹ ṣeun, ẹ ṣe é dáadáa," bí ẹni tó ra bàtà fún ẹlòmíràn.

Nǹkan bí oṣù kan lẹ́yìn náà, Àǹtí Motọ́lání fẹ́ ra pákó tí wọ́n máa fi ṣe òrùlé gáréèjì fún mọ́tò náà. Ó gbé e lọ sí Oto, èmi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Bí a ṣe dúró, obìnrin kan tó ń ta pákó, Lucy ni wọ́n ń pè é, dìde, ó ń yí mọ́tò náà po.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mọ́tò Bàbá Ògúntádé nìyí?"

"Òun ni," Àǹtí wí. "Báwo lẹ ṣe mọ̀ ọ́n?"

"Há! Ta ni ò mọ̀ ọ́n? Ọjọ́ tí Bàbá Fàsásì ń lọ, ó ti kí wa pé ó dàbọ̀ láàárọ̀, ó ti lọ. Ló bá tún padà! Ó ní kí ọmọ òun yí mọ́tò padà láti ojú ọ̀nà. Ó ń lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, ó ní kí gbogbo wa gbọ́ o, ẹnikẹ́ni tó bá tún pe Ògúntádé ní Ọ̀túnlémi, òun á ti Ìjẹ̀bú-Igbó wá bá a jà. Ó ní òun wa mọ́tò yìí, ó fẹ́ pa òun. Ògúntádé sì wà á bí ẹni ń fẹ́ atẹ́gùn. Ó ní ó fi táyà méjì péré yípo ilé, táyà méjì tó kù wà lókè."

"Táyà méjì?" Àǹtí wí.

"Ó ní òun gbójú sókè, òun rí ilẹ̀."

Ogójì ọdún ni mo ti ń parọ́, mi ò tíì pa èyí tó dáa tó yẹn.

A di pákó, a padà sí Àgùdà, Àǹtí sì sọ gbogbo ẹ̀ fún Bàbá lórí fàráńdà. Bàbá tẹ́tí. Ó ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ.

"Ta ló wà níbẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́?"

"Lucy ní gbogbo wọn ni, Dádì."

"Gbogbo wọn kọ́ ni mo bi ẹ́. Àwọn ti ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́ ojú irin ńkọ́?"

"Wọ́n wà níbẹ̀."

"Jemilat tó ń ta ìṣó?"

"Lucy ní òun ló rẹ́rìn-ín jù."

Bàbá mi orí. Ó na ọwọ́ mú fóònù, ó tẹ̀ ẹ́, ó gbé e sétí. A gbọ́ ohùn Fàsásì láti ibi tí a jókòó sí, bí ẹni pé ó wà nínú ọgbà.

"Ògúntádé! Kí lo fẹ́?"

"Táyà méjì, Fàsásì?"

"Ṣé kí n sọ pé mẹ́rin ni? Ta ló fẹ́ gbọ́ mẹ́rin?"

"Ìgbà wo lo ń bọ̀ l'Ékòó?"

"Mi ò bọ̀ mọ́. Ẹsẹ̀ ò jẹ́ n wọkọ̀ èrò. Ibí tutù, kò sẹ́ni tí mo lè bú."

"Ṣé o ní ilé yín ò jìnnà sí ọ̀nà?"

"Kò jìnnà."

"Dúró dè mí ní Sátidé. Mò ń bọ̀ wá gbé ẹ."

Àǹtí Motọ́lání dìde. Ó wọ yàrá àlejò, ó já kọ́kọ́rọ́ mọ́tò kúrò lára ìṣó, ó sọ ọ́ sínú àpamọ́wọ́ ẹ̀, ó sì jókòó lé àpamọ́wọ́ náà.